Ìbò Tí Kò Borí Kì Í Ṣe Ìbò Tí Ó Ṣòfò

Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn ti Ọlọ́hun Ọba Aṣẹ̀dá ni, Ẹni tí ó pa wá láṣẹ déédéé, tí ó sì kọ àbòsí fún wa. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú láti bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ nínú mọ́sáláṣí nígbà tí a bá ń wọ bàtà wa padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọdọ̀ bá wa dé ọjà, kí ó bá wa dé ibi iṣẹ́, kí ó sì bá wa dé ibùdó ìdìbò.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ tòní ni èyí. Lẹ́yìn ìdìbò kan tí ó ti kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú jamọ́ọ̀ wa wá bá wa lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Òun àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ jọ máa ń dúró ní ìlà ìrun kan náà ni, láti ìgbà tí ó ti wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdìbò náà dé, ọmọ yìí dìbò fún olùdíje kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kò lè wọlé, nítorí pé òun ni ó gbà pé ó ṣe olóòótọ́ jù nínú wọn. Nígbà tí èsì jáde, tí ẹni tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń tì lẹ́yìn fi ìdí rẹmi, àgbàlagbà náà sọ fún un lójú gbogbo ẹbí pé: “Ìwọ ni o gbé ìjọba fún àwọn ọ̀tá wa. O fi ìbò rẹ ṣòfò.” Láti ọjọ́ náà ni ó ti kúrò ní ìlà tí wọ́n jọ ń dúró sí. Ọmọ náà bi wá pé: “Àáfà, ṣé mo ṣẹ̀ ni?”

A kò dá a lóhùn ní alẹ́ ọjọ́ náà. A ní kí ó fún wa láàyè, nítorí a rí i pé ìbéèrè náà ju ti ọmọ kan àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lọ.

Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí kíkà ìbò ń ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ètò tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni pé olúkúlùkù yóò tẹ̀ka fún ẹyọ ẹnìkan lórí ìwé ìbò, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá sì pọ̀ ju ti olùdíje kọ̀ọ̀kan yòókù lọ ni ó borí. Ètò náà kò béèrè pé kí ó rí ìdajì gbogbo ìbò. Bí ó bá fi ẹyọ kan péré ju ẹni tí ó tẹ̀ lé e, ó ti tó.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láàárín ara wa. Ká ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó wà nínú jamọ́ọ̀ kan, tí owó sì wọlé fún mọ́sáláṣí wọn. Ogójì nínú wọn ní kí a fi owó náà ra jẹnẹrétọ̀. Márùndínlógójì ní kí a fi gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní kí a gbẹ́ kànga náà sí ẹnu géètì. Bí a bá ka ìbò wọn, jẹnẹrétọ̀ ni ó borí. Ọgọ́ta ènìyàn ni ó ń fẹ́ omi, ṣùgbọ́n iná ni wọn yóò rí gbà. Kò sí ẹni tí ó jí ìbò, kò sì sí ẹni tí ó purọ́ nínú kíkà rẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ omi ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì, ètò náà kò sì ní bí yóò ṣe mọ̀ pé ohun kan náà ni ọkàn wọn ń fẹ́, nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi wọ́n.

Nígbà tí wọ́n bá wá jókòó, àwọn márùndínlógójì yóò sọ fún àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n pé: “Ẹ̀yin ni ẹ kò jẹ́ kí a rí omi.” Ní ti ìṣirò, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà lè dá wọn lóhùn pé: “Kí ló dé tí ẹ̀yin kò wá bá wa lẹ́nu géètì?” Òótọ́ ni èyí pẹ̀lú. Ẹ̀bi tí a bá lè dá ìhà méjèèjì lọ́nà kan náà, kò yẹ kí a di ẹrù rẹ̀ lé ìhà kan lórí.

Èyí kì í ṣe àròsọ lásán. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, nígbà tí wọ́n ka ìbò gómìnà, Sẹ́nétọ̀ Adémọ́lá Adélékè ní ìbò 254,698; Alhaji Gbóyèga Oyètọ́lá ní 254,345. Ìbò 353 péré ni ó wà láàárín wọn. Sẹ́nétọ̀ Ìyíọlá Omíṣore tí ó ṣe ipò kẹta ní ìbò 128,049. Àjọ elétò ìdìbò kéde pé ìbò náà kò tíì parí, nítorí ìbò àwọn ibùdó méje tí wọ́n ti fagi lé. Nígbà tí wọ́n tún un dì ní àwọn ibùdó náà ní ọjọ́ 27 oṣù kan náà, Oyètọ́lá ni ó fi ìbò 482 ṣíwájú ní àpapọ̀, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2019. A kò mú èyí wá láti jí ẹjọ́ tí ó ti parí dìde, tàbí láti gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ wò ni pé kò sí ẹnìkankan nínú wọn tí ó rí ìdajì ìbò, àti pé àwọn tí ó dìbò fún ẹni kẹta pọ̀ ju ìyàtọ̀ àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ó lé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi, yóò rí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn.

Àwọn tí ó kọ ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 mọ àléébù ètò yìí, wọ́n sì fi ìkáwọ́ kan sí i. Ẹni tí yóò di gómìnà gbọ́dọ̀ ní ìbò tí ó pọ̀ jù, kí ó sì ní ó kéré tán ìdámẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ní Ọ̀ṣun tí ó ní ìjọba ìbílẹ̀ 30, èyí jẹ́ 20. Irú òfin bẹ́ẹ̀ wà fún ààrẹ ní ti àwọn ìpínlẹ̀. Ìlànà yìí kò ní jẹ́ kí apá kan ìlú ṣoṣo gbé olórí lé gbogbo ìlú lórí. Ó dára, ṣùgbọ́n ìdámẹ́rin kì í ṣe ìdajì.

Ẹ̀yin ará, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ibi tí a fẹ́ dé yìí. Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ ìgbà wa fi ìbò wé ẹ̀rí jíjẹ́. Nínú Suratun-Nisai, Ọlọ́hun pa wá láṣẹ pé kí a dúró ṣinṣin lórí déédéé, kí a sì jẹ́rìí nítorí tirẹ̀, kódà bí ẹ̀rí náà bá tako àwa fúnra wa, tàbí àwọn òbí wa, tàbí àwọn ìbátan wa. Bí ìbò bá jẹ́ ẹ̀rí, ó dàbí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí: kí oníkálukú dìbò fún ẹni tí ó mọ̀ pé ó yẹ jù, kí ó má sì wo ẹ̀yìn. Ọmọ tí ó wá bá wa ni ó jàre nìyẹn.

Ṣùgbọ́n àwọn onímímọ̀ fíkíhì náà fi òfin kan lélẹ̀ tí a kò lè gbàgbé: bí aburú méjì bá pàdé, tí kò sí bí a ṣe lè yẹ àwọn méjèèjì, èyí tí ó fúyẹ́ ni a ó gbé. Ibn Taymiyyah, nínú ìwé rẹ̀ As-Siyasah ash-Shar'iyyah, ṣàlàyé pé agbára iṣẹ́ àti ìfọkàntán, àwọn ìwà méjì tí ọmọbìnrin Madyana fi júwe Ànábì Musa nínú Suratul-Kasas, kì í sábà pé sí ara ẹnìkan ṣoṣo. Nítorí náà ẹni tí ó bá dára jù nínú àwọn tí ó wà nílẹ̀ ni a ó yàn. Bí a bá wò ó báyìí, ẹ̀gbọ́n bàbá náà ni ó jàre. Ó rí ẹni tí ó ń bẹ̀rù pé yóò ba ìlú jẹ́, ó sì rí ẹnìkan ṣoṣo tí ó lè dá a dúró.

Èwo ni òtítọ́? Èrò wa ni pé ẹ̀rí a máa tẹ̀ lé ìbéèrè. Adájọ́ kì í bi ẹlẹ́rìí pé kí ni ó wù ú. Ohun tí ó rí ni ó ń bi í. Ìwé ìbò pẹ̀lú kò bi wá pé ta ni ó dára jù nínú ẹ̀dá Ọlọ́hun. Ohun tí ó ń bi wá ni pé: ẹyọ àmì kan yìí tí a fi lé ọ lọ́wọ́, níbo ni ìwọ, pẹ̀lú ìmọ̀ tí o ní nípa ìlú rẹ, rò pé yóò ti ṣe àwọn ènìyàn ní àǹfààní jù? Sí ìbéèrè yìí, olóòótọ́ méjì lè fúnni ní ìdáhùn méjì. Ẹni tí ó ní “mo fẹ́ dá aburú dúró” kò jẹ́rìí èké. Ẹni tí ó ní “mo fẹ́ kí a mọ̀ pé a ń fẹ́ olóòótọ́” kò fi ìbò rẹ̀ ṣòfò.

Àṣìṣe ẹ̀gbọ́n bàbá náà kò sí nínú ẹni tí ó dìbò fún. Ó wà nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ. Nígbà tí ó ní ọmọ náà gbé ìjọba fún ọ̀tá, ó ń sọ pé ìbò ọmọ náà ti jẹ́ ti ẹgbẹ́ òun tẹ́lẹ̀, àti pé ṣe ni ọmọ náà yọ ọ́ kúrò nínú àpótí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kò rí. Ìbò ọmọ náà kò tíì jẹ́ ti ẹnikẹ́ni kí ó tó tẹ̀ka. Àmáánà tí Ọlọ́hun fi sí ọwọ́ rẹ̀ ni; kì í ṣe gbèsè tí ó jẹ ẹgbẹ́ kan, tí a ó fi máa sìn ín.

Síbẹ̀, a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ “aburú tí ó fúyẹ́” bojú. Ọ̀ràn-an-yàn kì í kọjá ìwọ̀n rẹ̀. Bí a bá ń sọ ní gbogbo ìgbà pé olóòótọ́ kò lè wọlé, nítorí náà a kò ní dìbò fún un, a ó rí i pé ìdí tí kò fi lè wọlé ni pé a kò dìbò fún un. A ti fi ọwọ́ ara wa dí ọ̀nà, a sì ń ráhùn pé ọ̀nà dí. Ìbò tí ọmọ yìí dì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀. Ní ìdìbò mìíràn, ẹni tí ó bá ń wá ìtìlẹ́yìn yóò rí i pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà, yóò sì ro ìwà rẹ̀ wò. A sọ fún ọmọ náà pẹ̀lú pé bí ó bá jẹ́ ìgbéraga ni ó mú un dìbò bẹ́ẹ̀, kí ó lè wí pé òun mọ́ ju àwọn yòókù lọ, ìyẹn náà ní ìṣirò tirẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Ohun tí ó ń sọ ìbò di ẹ̀ṣẹ̀ láìsí iyèméjì ni owó. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní ìgboro pé “dìbò kí o sebẹ̀.” Ẹ ro ó wò: níbi tí ìbò bá ti pín sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí 353 sì lè jẹ́ gbogbo ìyàtọ̀, ẹni tí yóò ra ìbò kò nílò láti ra ìlú. Àdúgbò kan ti tó fún un. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ẹyọ ìbò òun kéré jù láti dẹ́ṣẹ̀. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka ẹni tí ó torí ayé nìkan ṣe àdéhùn fún olórí, tí ó mú un ṣẹ bí wọ́n bá fún un ní nǹkan, tí ó sì dà á bí wọn kò bá fún un, mọ́ àwọn mẹ́ta tí Ọlọ́hun kò ní bá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Ọbẹ̀ ọjọ́ kan kò tó ohun tí a ń fi irú ìyẹn rà.

A tún ní ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó bá borí. Nígbà tí wọ́n fi Abu Bakr (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) jẹ olórí, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ fún àwọn ènìyàn ni pé wọ́n ti fi òun ṣe olórí wọn, òun kì í sì í ṣe ẹni tí ó dára jù nínú wọn; bí òun bá ṣe rere kí wọ́n ran òun lọ́wọ́, bí òun bá sì ṣìnà kí wọ́n tọ́ òun sọ́nà. Ẹni tí àwọn sàhábà gbà tọkàntọkàn ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Mélòó mélòó ni ẹni tí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún dìbò fún? Ọgọ́ta tí kò dìbò fún un kì í ṣe ẹrú ogun. Ọ̀nà wọn, ilé ìwòsàn wọn àti ilé ìwé ọmọ wọn wà nínú àmáánà rẹ̀, bí ti àwọn tí ó jó níwájú rẹ̀.

Òfin yìí kan àwa ará ìlú pẹ̀lú. Ní ọdún 1979, Alhaji Shehu Shagari di ààrẹ pẹ̀lú ìbò 5,688,857. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 4,916,651. Shagari kò rí ìdajì ìbò, ọ̀pọ̀ àgbà ní ilẹ̀ Yorùbá sì bínú títí wọ́n fi kú. Ní ọdún 2023, Aṣíwájú Bọ́lá Tinúbú di ààrẹ pẹ̀lú ìbò 8,794,726, òun náà kò rí ìdajì, ọ̀pọ̀ nínú wa sì yọ̀. Nínú Suratul-Mutaffifina, Ọlọ́hun fi ègbé fún àwọn tí wọ́n ń gba òṣùwọ̀n kíkún bí wọ́n bá ń gbà, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń dín in kù bí wọ́n bá ń wọ̀n fún ẹlòmíràn. Òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi wọn ìbò ọdún méjèèjì. Bí ó bá burú, ó burú nígbà tí ó gbè wá. Bí ó bá dára, ó dára nígbà tí ó lé wa. Ẹni tí kò bá lè sọ bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ ni ó ń sìn. Kò sin déédéé.

Ǹjẹ́ a lè wá òṣùwọ̀n tí ó sàn ju èyí lọ? Bẹ́ẹ̀ ni, kò léèwọ̀. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn ará wa wà ní Kétu àti Àjàṣẹ́, bí kò bá sí ẹni tí ó rí ju ìdajì lọ nínú ìbò ààrẹ, àwọn méjì tí ó ṣíwájú yóò tún pàdé. Ní ọdún 2016, Lionel Zinsou ni ó ṣíwájú ní ìpele àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ní ìpele kejì, Patrice Talon ni ó borí pẹ̀lú nǹkan bí ìbò 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ìtàn tiwa pẹ̀lú, nígbà tí Umar (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ń kú lọ ní ọdún 23 lẹ́yìn Híjírà, ó fi ọ̀rọ̀ olórí lé sàhábà mẹ́fà lọ́wọ́. Abdurrahman ọmọ Awf yọ ara rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí wọ́n lè yàn, ó sì ń lọ yíká Madinah, ó ń bi àwọn ènìyàn léèrè. Àwọn òpìtàn gbà á wá pé ó bi àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn léèrè pé: bí kò bá bọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ, ta ni o rò pé ó yẹ? Ìbéèrè kejì yìí gan-an ni ìwé ìbò wa kì í bi wá.

Ṣùgbọ́n títí a ó fi gba ọ̀nà òfin tún un ṣe, àdéhùn ni ó wà láàárín wa, Suratul-Maidah sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ pé kí a mú àdéhùn ṣẹ. Ní ọjọ́ Uhudu, ohun tí Ànábì fẹ́ ni pé kí wọ́n dúró nínú Madinah. Ọ̀pọ̀ ní kí wọ́n jáde, ó sì bá wọn jáde. Ìyà jẹ wọ́n lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, nínú Suratu Ali Imran, lẹ́yìn ogun náà, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí ó ṣàforíjì fún wọn, kí ó sì tún máa bá wọn jíròrò. Kò wí pé kí ó wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi láàárín wọn.

Ìdáhùn tí a fún ọmọ náà nìyí: ìwọ kò ṣẹ̀ nínú ìbò rẹ, bí ọkàn rẹ bá mọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò tọ́ fún mùsùlùmí láti kẹ̀yìn sí ọmọ ìyá rẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ sálámà ni ó lóore jù. Lọ kí bàbá rẹ. Ó lọ. A kò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Ohun tí a rí ni pé ní Jímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n padà sí ìlà kan náà, ṣùgbọ́n ènìyàn méjì ṣì dúró láàárín wọn. Ànábì kìlọ̀ fún wa pé bí ìlà ìrun bá wọ́, Ọlọ́hun lè jẹ́ kí ọkàn wa pín. Nítorí náà, nígbà tí a bá dìde láìpẹ́ yìí, kí olúkúlùkù wo ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó sì dí àlàfo.

Kí Ọlọ́hun fi òtítọ́ hàn wá ní òtítọ́, kí ó fún wa ní agbára láti tẹ̀ lé e. Kí ó fi aláàánú ṣe olórí wa, kí ó má fi ìbò tú ẹbí wa ká. Kí ó tún ìlú wa ṣe, kí ó sì forí ji àwa, àwọn òbí wa àti gbogbo mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Àmín.